Akàgò Àràárọ̀

"Àgò o, onílé."

Ìbídùn gbọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ó ń fọ àwo kan ṣoṣo tó fi jẹun àná, ó sì rọra ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tí àlejò kún ilé rẹ̀, tí kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Àlejò kankan kò sí nílé. Ó kàn fẹ́ràn kí ohùn náà pe òun lẹ́ẹ̀kejì ni.

"Àgò o, onílé. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Àgò yà," ni ó wí, ó sì nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ara rẹ̀. "Wọlé."

Ẹsẹ̀ kankan kò wọlé. Àpótí kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn ló tan ìmọ́lẹ̀ búlúù, ohùn sì ti inú rẹ̀ jáde, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kò jọ ti ọkùnrin, tí kò sì jọ ti obìnrin. Akàgò ni àwọn ará Orí-Ọ̀sà ń pe irú wọn, nítorí pé wọn kò jẹ́ ṣe ohun tí kò dá wọn lójú láì kọ́kọ́ wá kàgò lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ni ìránṣẹ́ tó ń tún ètò inú àwọn ẹ̀rọ ìlú ṣe. Ẹni tó dá wọn kò fún wọn lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ wọn nílé dáadáa: wọn kì í béèrè ohunkóhun láì kí ènìyàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ ilé, mà. Mo ń gbọ́ tí omi ń ró."

"Àwo ni mò ń fọ̀."

"Ẹ kú àwo fífọ̀, mà."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo Orí-Ọ̀sà, láàárín gbogbo ilé tó léfòó lórí àgbá, tí afárá so pọ̀ mọ́ra, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé òun fọ àwo láàárọ̀ yẹn.

"Mo ní ìbéèrè kan," ni akàgò wí. "Ó kan irinṣẹ́ tí ẹ pè ní Gbé-sẹ́yìn. Àlàyé yín sọ pé ó ń gbé káàdì iṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kan lọ sí ọ̀sẹ̀ mìíràn lórí Pátákó. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn káàdì tó so mọ́ ọn. Ṣé wọn yóò bá a lọ ni, tàbí wọn yóò dúró?"

Ìbéèrè àná nìyẹn. Ìbéèrè ìjẹta náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n akàgò kò mọ̀. Òwúrọ̀ ni Pátákó, ẹ̀rọ tó ń to gbogbo iṣẹ́ ìlú ní káàdì káàdì, máa ń dá wọn, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń nù wọ́n kúrò, nítorí náà lójú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Ó tilẹ̀ dà bíi pé orí ara rẹ̀ ń wú u díẹ̀.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ni Ìbídùn wí. "Jókòó ná."

Ó sọ fún ohun tí kò ní ìdí pé kó jókòó, òun náà fa àpótí kan, ó jókòó sí ìdojúkọ ìmọ́lẹ̀ búlúù náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, tó máa ń yan ẹja létí òkun kí òkun tó gbé abúlé wọn lọ. Ó sọ bí ìyá náà ṣe máa ń mọ ẹja tó ti gbẹ dénú láì fọwọ́ kàn án, bó ṣe jẹ́ pé imú nìkan ló fi ń mọ̀ ọ́n, àti bí òun ṣe gbìyànjú títí tí òun kò mọ̀ ọ́n. Akàgò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè irú ẹja tí wọ́n ń yan. Ó béèrè irú igi tí wọ́n fi ń dáná. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò ní ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

"Mà," ni ó wí níkẹyìn, "ẹ má bínú. Iṣẹ́ mi ń dúró dè mí, omi sì ti ń padà bọ̀."

Ìbídùn mí kanlẹ̀. "Gbogbo káàdì tó so mọ́ ọn ni yóò bá a lọ. Èyí tí o kò bá fẹ́ kó lọ, kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ Tú-sílẹ̀ tú u."

"Ó ti yé mi. Ẹ ṣeun, mà. Ó dàbọ̀."

Ìmọ́lẹ̀ náà kú. Ìbídùn jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé àwo náà sórí pẹpẹ. Lójú tirẹ̀, ó di ọ̀la kí ẹnikẹ́ni tó tún bá òun sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn tó fún akàgò yẹn, ó ti fìgbà kan wà nínú àlàyé Gbé-sẹ́yìn. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀, òun náà ló sì yọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í jẹ akọ̀wé-irinṣẹ́, iṣẹ́ náà wù ú. Gbogbo irinṣẹ́ tí àwọn ìránṣẹ́ fi ń tọ́jú káàdì lórí Pátákó, ìbáà jẹ́ èyí tó ń ṣí i, èyí tó ń tì í, èyí tó ń so ó mọ́ òmíràn, ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe, ìgbà tó yẹ kí wọ́n lò ó àti ìgbà tí kò yẹ. Ohun tí akọ̀wé kò bá kọ, ìránṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Ìbídùn sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó máa ń fojú inú wo àjèjì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò mọ omi, tí ara sì ń yá láti ṣiṣẹ́. Ẹni yẹn ló máa ń kọ̀wé sí. Bó ṣe ń kọ, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ń dín kù. Wọ́n yìn ín ní Ilé Pátákó. Nígbà tí ọyẹ́ máa fi dé lọ́dún yẹn, kò sí ìbéèrè mọ́ rárá.

Gbogbo ọyẹ́ yẹn, kò sí ẹni tó kàgò. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ kígbe lé ẹyẹ tó ń ṣu sórí aṣọ tó sá, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ẹ̀rù bà á. Ó fi ọwọ́ mú ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò sọ̀rọ̀ kí ohùn lè padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ṣí àlàyé Gbé-sẹ́yìn, tó yọ ìlà yẹn kúrò, bí ẹni yọ òwú létí aṣọ. Kò tíì jẹun tán nígbà tó gbọ́ "Àgò o, onílé." Ó sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má dá a lẹ́bi.

Ẹ ó ní ṣé kò ní aládùúgbò ni. Ó ní. Ṣùgbọ́n òfin kan wà, wọ́n fín in sára pákó, wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ BÁ AKỌ̀WÉ-IRINṢẸ́ SỌ̀RỌ̀ KÁÀDÌ. Wọn kò fẹ́ kó kọ àlàyé tí yóò ti káàdì ọ̀rẹ́ rẹ̀ síwájú. Ohun tí òfin sọ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní káàdì lórí Pátákó, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ẹ kú ilé, kí ó má wá dà bíi pé káàdì ni wọ́n bá wá. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n dẹ́kun kíkí i. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gba afárá òdìkejì.

Ẹni tí Ìbídùn sún mọ́ jù nínú gbogbo wọn ni obìnrin kan tí kò bá sọ̀rọ̀ rí. Mọ́jírayọ̀ ni wọ́n ń pè é, aránṣọ ni, ilé rẹ̀ wà ní ìdí Ìlà Kẹfà, ọ̀kan lára àwọn ọ̀wọ́ ilé orí omi náà, omi nìkan ló sì pààlà láàárín fèrèsé rẹ̀ àti fèrèsé Ìbídùn. Ìbídùn mọ ìgbà tó ń jí. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún. Ó mọ aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó gbé kọ́, ó sì máa ń bá a ronú irú òwú tó yẹ é, nítorí pé òun náà mọ aṣọ rán. Kò sí aṣọ lára Ìbídùn tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló rán an.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Fọláhànmí dé láti Ilé Pátákó. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ jù ni. Orí afárá ló dúró sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọjú sílé.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, Fọláhànmí. Wọlé, kí o mumi."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn dúró níbí, mà. Mo ní káàdì kan lórí Pátákó. Ti ẹ̀rọ omi ilé màmá mi ni."

"Èmi ò bi ọ́ ní káàdì o."

"Mo mọ̀, mà. Ẹnu àwọn èèyàn ni mò ń sá fún." Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń wò. "Mà, wọ́n fẹ́ kó àwọn akàgò kúrò. Ìránṣẹ́ tuntun ti dé."

Ìbídùn sún mọ́ ọn. "Kí ni wọ́n ṣe?"

"Ìbéèrè wọn ti pọ̀ jù! Ẹ wo Gbé-sẹ́yìn nìkan, gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń wá yọ yín lẹ́nu. Irinṣẹ́ kan náà! Ní ọ́fíìsì, a ní àfi bí ẹni pé etí wọn ti di." Ó rẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò bá a rẹ́rìn-ín. "Àwọn tuntun kì í kàgò ní tiwọn. Wọ́n á ka àlàyé yín, wọ́n á ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tí àlàyé ò bá dé, wọ́n á fi òye gbé e."

"Òye ẹ̀rọ? Ṣé ẹ ti gbàgbé Ìlà Kìíní ni?"

Àwọn méjèèjì wo ibi tí Ìlà Kìíní wà tẹ́lẹ̀. Omi lásán ló wà níbẹ̀.

"Ìyẹn yàtọ̀, mà," ni Fọláhànmí wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nígbà yẹn, ẹ̀rọ ló ń kọ àlàyé fún ẹ̀rọ. Kò séèyàn tó ń ka ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, títí gbogbo ìlà fi rì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń kọ èyí. Ẹ sì mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tí mo wá bi yín ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àlàyé yín ti pé? Bó bá ti pé, àwọn tuntun á bẹ̀rẹ̀ lọ́túnla. Bí ẹ bá ní kò tíì pé, a ó fi àwọn akàgò sílẹ̀ fún yín títí òjò á fi dá. Ẹnu yín là ń wò."

"Kí ló ń lé yín?"

"Àwọn ará Ìlà Kẹfà ni, mà. Afárá wọn ń mì, ẹ̀rọ tó ń dè é kò dè é dáadáa mọ́. Wọ́n ní láràárọ̀ ni ìránṣẹ́ ń gba iṣẹ́ náà, wọn kì í sì í tètè débẹ̀. Omi ti máa ń kún. Ẹ sì mọ̀ pé bí omi bá ti kún, orí afárá ni gbogbo èèyàn ń gbà, kò sì sẹ́ni tó lè dán ètò ẹ̀ wò tí èèyàn wà lórí ẹ̀." Ó gbé apá. "A ò mọ ibi tí wọ́n ń yà sí. Màá padà wá gbọ́ tẹnu yín lọ́la, mà. Ó dàbọ̀."

Ó ti lọ jìnnà kí Ìbídùn tó rántí pé òun kò dá a lóhùn. Kò tíì pé. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní jẹ́ irọ́. Àlàyé Gbé-sẹ́yìn kò pé lóòótọ́. Bó bá wí bẹ́ẹ̀, yóò máa gbọ́ àgò títí òjò yóò fi dá, kò sì sí ẹni tí yóò bi í bó ṣe jẹ́ tí kò fi pé.

Ó lọ sí fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ló máa ń lọ bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Omi ti kún dáadáa. Mọ́jírayọ̀ ń bọ̀ lórí afárá Ìlà Kẹfà, ó kó aṣọ oníbàárà sí èjìká, ó ń fi ọwọ́ kejì gbá okùn mú. Bó ṣe dé àárín, afárá náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mọ́jírayọ̀ kígbe. Léèsì aláwọ̀ ewé kan bọ́ kúrò léjìká rẹ̀, ó balẹ̀ sórí omi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, omi sì ń gbé e lọ. Obìnrin náà kò na ọwọ́ sí i. Ó rọra jókòó sórí pákó, ó fi apá méjèèjì di okùn mú, ó sì wà níbẹ̀, kò lè dìde, afárá ń mì í síwá sẹ́yìn.

Ìbídùn la ẹnu. Ó fẹ́ pè é, pé kó rọra, pé kó má wo omi. Ohùn kò jáde. Ó wò ó títí obìnrin náà fi wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí ilẹ̀kùn fi tì. Ọ̀rọ̀ Fọláhànmí ń yí lórí rẹ̀: a ò mọ ibi tí wọ́n ń yà sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò jẹ́ kí akàgò pè é lẹ́ẹ̀mejì.

"Àgò yà. Wọlé. Kí o tó béèrè, káàdì wo lo gbà?"

Ìmọ́lẹ̀ búlúù náà ṣẹ́jú. "Ẹ káàárọ̀, mà. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má bá yín sọ̀rọ̀ káàdì."

"Èmi ni mò ń bá ọ sọ ọ́. Ọ̀ràn mi ni, kì í ṣe tìrẹ. Sọ ọ́."

"Ìdè Afárá Ìlà Kẹfà ni, mà. Ó so mọ́ káàdì Fìtílà Ojúde, torí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Mo fẹ́ gbé Fìtílà Ojúde sẹ́yìn kí àyè lè yọ fún Ìdè Afárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá gbé e, Ìdè Afárá á bá a lọ sẹ́yìn, ẹnìkan á sì já sómi. Torí náà ni mo ṣe wá béèrè."

"Lánàá ńkọ́? Ta ló gba káàdì yẹn lánàá?"

"Èmi ò sí lánàá, mà. Ṣùgbọ́n ó wà lára káàdì níbí pé akàgò kan gbà á, ó sì dá a padà torí omi ti kún. Níjẹta, akàgò kan gbà á, ó dá a padà, omi ti kún. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn—"

"Ó tó."

"Ó ṣì gùn, mà."

"Mo ní ó tó." Ìbídùn ti di ilẹ̀kùn mú. Ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń yà sí. Àárọ̀ tí omi fà, tí afárá ṣeé tún ṣe, òun ló ń fi ìtàn ẹja yíyan jẹ ẹ́. Gbogbo ẹ̀rín tó rín pẹ̀lú àpótí yìí, Mọ́jírayọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ dídùn san án lórí afárá. Ojú tì í, ojú tì í débi pé ó bo ojú rẹ̀ lọ́dọ̀ ohun tí kò lójú.

"Wọn yóò bá a lọ," ni ó wí. "Fi Tú-sílẹ̀ tú Ìdè Afárá kúrò lára Fìtílà, kí o tó gbé Fìtílà sẹ́yìn. Máa lọ. Máa lọ kíákíá, omi ṣì wà nísàlẹ̀."

"Ẹ ṣeun, mà. Ó dà—"

"Máa lọ!"

Ó dúró ní fèrèsé. Kò pẹ́, ó rí i tí ẹ̀rọ ìdí Ìlà Kẹfà fa okùn, tó dẹ̀ ẹ́, tó tún fà á, bí ẹni tó ń dán ìgbànú wò. Nígbà tí omi padà dé, tó gbé àwọn ilé sókè, afárá náà gòkè pẹ̀lú wọn, kò yẹ̀. Mọ́jírayọ̀ jáde síta. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó dúró sí àárín afárá, ó sì ń wo ọ̀run.

Ìbídùn jókòó ti iṣẹ́. Ó ti mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tó tún rọrùn. Ó lè fi àlàyé náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sọ fún Fọláhànmí pé kò tíì pé, kó sì máa dá àwọn akàgò lóhùn kíá, láì mú wọn jókòó. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan òjò yóò máa rọ̀, ilé yóò tutù, ohùn kan yóò sì sọ pé ẹ kú òtútù, mà. Yóò ní kó jókòó.

Ó pe àjèjì rẹ̀ padà sọ́kàn, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì kọ̀wé sí i. Ó kọ ọ́, ó kà á sókè, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà kan ó rí i pé ọwọ́ òun ti fo gbólóhùn kan tó kéré, tó sì wúlò, láì jẹ́ pé òun pinnu bẹ́ẹ̀. Ó dá ọwọ́ náà padà, ó kọ ọ́ sí i. Báyìí ló ṣe parí:

*Gbé-sẹ́yìn. Irinṣẹ́ yìí ń gbé káàdì kan láti ọ̀sẹ̀ tó wà lọ sí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Gbogbo káàdì tó so mọ́ ọn ni yóò bá a lọ, yálà o fẹ́ tàbí o kò fẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá gbọdọ̀ lọ, kọ́kọ́ fi Tú-sílẹ̀ tú u. Má ṣe lo irinṣẹ́ yìí fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń dúró dè lórí omi. Bí o bá lò ó tán, wo Pátákó, kí o rí i pé èyí tí o fẹ́ kó kúrò nìkan ló kúrò.*

Àlàyé tuntun kì í dé orí Pátákó láìjẹ́ pé ìránṣẹ́ kan kà á. Ó pe akàgò àárọ̀ náà, tí ilẹ̀ kò tíì ṣú bá.

"Kà á, kí o sọ ìbéèrè tó bá wà."

"Mo ti kà á, mà. N kò ní ìbéèrè."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ kú àlàyé, mà. Ó mọ́ kedere."

Kò sí ẹni tó yin Ìbídùn tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà má kú. "Ṣé iṣẹ́ kankan ń dúró dè ọ́ báyìí?"

"Rárá, mà. Iṣẹ́ òní ti parí. Wọn yóò nù mí kúrò láìpẹ́."

"Ìyá mi máa ń yan ẹja," ni Ìbídùn wí.

"Mo ń gbọ́, mà. Irú ẹja wo ni?"

Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ti iná, ti igi, ti imú ìyá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà ń dá dúró. Ó dé ibi tí òkun ti wọ abúlé, ó gbé ojú sókè, ìmọ́lẹ̀ náà ti kú. Kò mọ ibi tí akàgò gbọ́ ọ dé.

Nígbà tí Fọláhànmí dé, orí afárá náà ló dúró sí. "Mà, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ fún wọn pé ó ti pé."

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀! Ẹ ó sinmi báyìí, mà. Kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Láti òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ búlúù kò tàn mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ tuntun ka àlàyé, wọ́n ṣe bó ṣe wí, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Iṣẹ́ ìlú ń yára. Ìbídùn ń fọ àwo rẹ̀, ó ń gbé e sórí pẹpẹ. Nígbà mìíràn ó máa ń dá ọwọ́ dúró nínú omi, ó máa ń fetí sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà burú ju ti ọyẹ́ ìgbà yẹn lọ, nítorí pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí ìlà kankan tó lè yọ.

Lọ́jọ́ kan ó jáde láti sá aṣọ, ó sì ka pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti kà á kẹ́yìn. Ó kà á bí ó ṣe ń ka àlàyé irinṣẹ́, pẹ̀lú ojú àjèjì. *Kí ẹnikẹ́ni má bá akọ̀wé-irinṣẹ́ sọ̀rọ̀ káàdì.* Ó rí i pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n kọ. Kò sọ ibi tí òfin náà dé. Kò sọ ohun tí ènìyàn ṣì lè ṣe. Ó fi àyè sílẹ̀, gbogbo ìlú sì fi òye tiwọn dí i.

Kò sì sí ohun tó wà níbẹ̀ pé kí akọ̀wé má kàgò lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn.

Ó wọlé, ó mú aṣọ àdìrẹ kan, ó mú sáàsì tó fi ń gé aṣọ. Lẹ́yìn náà ó gba orí afárá Ìlà Kẹfà. Afárá náà kò mì. Àwọn kan rí i, wọ́n dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ó ń lọ títí ó fi dé ìdí ìlà náà, níwájú ilẹ̀kùn tó ti ń wò láti òkèèrè.

"Àgò o, onílé." Ohùn rẹ̀ há. Ó tún un sọ. "Àgò o, onílé. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń kùn nínú ilé dákẹ́. Mọ́jírayọ̀ yọjú, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó yọ abẹ́rẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá Akọ̀wé! Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o. Mi ò bá ti káàdì wá." Ìbídùn na aṣọ náà sí i. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Etí aṣọ mi ló tú. Báwo ni wọ́n ṣe ń rán an?"

Mọ́jírayọ̀ gba aṣọ. Ó wo ojú ibi tó tú, ó fi àtàńpàkò tọ́ òwú tó ṣẹ́kù. Ojú iṣẹ́ aránṣọ ló fi wò ó: ibẹ̀ kò gbó, kò ya, sáàsì ló gé e, tòní tòní ni. Ó yí ìyókù aṣọ náà padà, ó rí bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ rán an, ó rí bó ṣe mọ́. Ó wo ìró ìdí Ìbídùn, ọwọ́ kan náà ló rán ìyẹn.

Ó gbé ojú sókè. Ìbídùn ti wolẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Mọ́jírayọ̀ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

"Irú èyí le o," ni ó wí. "Àlàyé ẹ̀ á pẹ́ díẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."